Kámẹ́rà DSLR: ẹ má wo mẹ́gápíksẹ́lì nìkan kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀

Tẹ́nì kan bá fẹ́ ra kámẹ́rà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ohun tó máa kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé "mẹ́gápíksẹ́lì mélòó ló ní?" Mẹ́gápíksẹ́lì, ìyẹn iye mílíọ̀nù tóótòòtó tó para pọ̀ di fọ́tò, kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú rárá. Ohun tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni pé kí ni mo fẹ́ máa yà, ṣé inú họ́ọ̀lù lálẹ́ ni àbí ìta lọ́sàn-án gangan, ṣé ẹni tó máa dúró jẹ́ẹ́ fún mi ni àbí ẹni tó ń jó, torí pé gbogbo gírámà tí wọ́n kọ sára páálí kámẹ́rà yẹn, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni: bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ tó, àti ohun tí kámẹ́rà ń fi ṣe tó bá wọlé tán. Tí ìyẹn bá ti yé yín, kò sẹ́ni tó máa fi gírámà gbowó lọ́wọ́ yín ní Computer Village.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ DSLR ná. Dígí kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ síwájú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ ọ́ di fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ máa gba inú lẹ́ǹsì wọlé, á ba dígí yẹn, dígí á tì í lọ sókè, á wá já sí ihò kékeré tẹ́ ẹ máa ń fi ojú kan wò lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ bá rí nínú ihò yẹn gan-an ni lẹ́ǹsì ń rí. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, ṣọ́tà, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó bo sẹ́ńsọ̀, á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀, ṣọ́tà á padé, dígí á padà wálẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti tán. Ìró tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò, dígí àti ṣọ́tà ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á máa sọ pé DSLR ti kú, pé mirrorless layé ń lò báyìí. Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Mirrorless ò ní dígí yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń lọ bá sẹ́ńsọ̀ tààrà, ohun tẹ́ ẹ dẹ̀ ń wò nínú ihò ẹ̀, sikiríìnì kékeré ni. Ibẹ̀ ni Canon àti Nikon kó gbogbo agbára wọn lọ, DSLR àgbà tí Canon ṣe kẹ́yìn, 1D X Mark III, àti ti Nikon, D6, 2020 ni méjèèjì jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tówó ọwọ́ ẹ̀ ò tíì pọ̀, èmi ṣì máa ní kó ra DSLR, torí pé tòkunbọ̀ ẹ̀ pọ̀ nígboro, lẹ́ǹsì ẹ̀ pọ̀, kì í dẹ̀ ń jẹ bátìrì. Ihò tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń gbé àwòrán wá síbẹ̀, kò lo iná kankan. Nikon D3500 fún àpẹẹrẹ, fọ́tò 1,550 ni wọ́n ní ó lè yà lórí bátìrì kan tó kún, mirrorless kéékèèké tí ò lè yà tó ìlàjì ìyẹn pọ̀ jọjọ. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ wa, tó dẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kí bátìrì kú nígbà tí ìyàwó ń jó wọlé, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ó kan sẹ́ńsọ̀. Nínú DSLR tẹ́ ẹ máa rí lọ́jà, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Full frame, tó fẹ̀ tó 36mm sí 24mm, àti èyí tó kéré sí i tí wọ́n ń pè ní APS-C, ti Nikon tó bíi 24mm sí 16mm (DX ni Nikon ń pè é), ti Canon dẹ̀ tún kéré díẹ̀ sí ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbé agbada àti abọ́ síta nígbà òjò, òjò kan náà ló rọ̀ sí méjèèjì ṣùgbọ́n omi inú agbada ló máa pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ńsọ̀ ṣe rí. Tẹ́ ẹ bá fi gígùn sọ ìbú di púpọ̀, ti full frame ju ìlọ́po méjì ti APS-C lọ, ìdí tí fọ́tò alẹ́ ẹ̀ fi máa ń mọ́ jù nìyẹn, ìdí tó dẹ̀ fi wọ́n nìyẹn. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, APS-C tó o. Ohun kan ṣá tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé ó máa ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì fa nǹkan súnmọ́ ju bó ṣe yẹ lọ: lẹ́ǹsì 50mm (bí nọ́ńbà mm ara lẹ́ǹsì bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń fa nǹkan súnmọ́ sí i) lórí APS-C ti Nikon á máa ríran bíi 75mm, lórí ti Canon bíi 80mm. Nínú pálọ̀ tóóró kan, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya bàbá àti ìyá pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ẹ̀yìn yín á ti gbá ògiri tipẹ́, ẹ ò ní tíì rí gbogbo wọn. 35mm ló máa wúlò jù níbẹ̀, àbí kẹ́ ẹ lo 18-55 tó bá kámẹ́rà wá.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò mẹ́gápíksẹ́lì yẹn, kò le. Fọ́tò tó bá máa jáde dáadáa lórí bébà A4, tó jẹ́ pé èèyàn lè gbé e súnmọ́ ojú wò ó, mẹ́gápíksẹ́lì bíi 9 ló nílò. Ẹyọ mẹ́sàn-án péré! Nikon D90 tó jáde ní 2008, 12 ló ní, ó dẹ̀ tó A4 yẹn kó ṣẹ́ kù. Kámẹ́rà DSLR tí Kodak kọ́kọ́ gbé jáde fún títà ní 1991, 1.3 ló ní, àwọn oníwèé ìròyìn dẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ fi owó tabua kún owó torí kẹ́ ẹ lè kúrò ní 18 bọ́ sí 24, ẹ fi owó yẹn sápò, owó lẹ́ǹsì ni. Ìgbà tí mẹ́gápíksẹ́lì púpọ̀ máa ń wúlò gan-an ni tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé apá kan nínú fọ́tò jáde, àbí tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe bébà ńlá ara ògiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó: ihò inú lẹ́ǹsì, bí ṣọ́tà ṣe pẹ́ tó kó tó padé, àti ISO. Ihò yẹn ni wọ́n ń fi f kọ, f/1.8, f/4, f/5.6. Ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú pé bí nọ́ńbà ṣe ń kéré sí i ni ihò ń fẹ̀ sí i. Ìdí ẹ̀ ni pé pínpín ni: lẹ́ǹsì 50mm tẹ́ ẹ bá fi sí f/2, ẹ pín 50 sí méjì, ihò yẹn fẹ̀ tó 25mm, tẹ́ ẹ bá fi sí f/5.6, kò tó 9mm mọ́. Ó tán. Ṣọ́tà, ìdá ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń fi kà á, 1/60, 1/125, 1/1000, bó bá ṣe ń yára sí i ló ń dá nǹkan tó ń sáré dúró, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á máa dín kù. ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ga sókè, láti 100 sí 200 ìlọ́po méjì ni, sí 400 ìlọ́po méjì náà tún ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tì í lọ sókè jù, àmì wínníwínní á kún inú fọ́tò, àwọ̀ ara èèyàn á máa ṣá.

Ẹ wá wò ó. Aago mẹ́jọ alẹ́, inú họ́ọ̀lù, gílóòbù pupa rúsúrúsú díẹ̀ ló ń tàn lókè, ìyá ìyàwó ń jó, wọ́n ń ná an lówó, gèlè ń mì. Ẹ gbé 18-55mm dání, èyí tó ń bá kámẹ́rà wá nínú páálí. Wọ́n kọ 3.5-5.6 sí i lára, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá fà á dé 55 kẹ́ ẹ lè rí ojú màmá, ihò ẹ̀ ò lè fẹ̀ ju f/5.6 lọ. Ẹ ti gbé ISO dé 1600, kámẹ́rà sọ fún yín pé ṣọ́tà tó máa mú fọ́tò mọ́lẹ̀ ni 1/15. 1/15 yẹn pẹ́ jù fẹ́ni tó ń jó! Apá màmá á ti lọ á ti bọ̀ kí ṣọ́tà tó padé, fọ́tò á ṣe bàìbàì, owó inú afẹ́fẹ́ á di ilà funfun. Ẹ wá yọ lẹ́ǹsì yẹn, ẹ fi 50mm f/1.8 sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò ẹ̀ wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Kámẹ́rà kan náà, ISO kan náà, gílóòbù kan náà, ṣọ́tà ti di bíi 1/150, màmá dúró nínú fọ́tò, ẹ lè ka náírà tó lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí. Lẹ́ǹsì yìí dẹ̀ wà lára àwọn tówó ẹ̀ kéré jù tí Canon àti Nikon ń ṣe. Ìdí tí mo fi ń pariwo pé kẹ́ ẹ ra bọ́dì (kámẹ́rà fúnra ẹ̀ láìsí lẹ́ǹsì) tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n kẹ́ ẹ fi ìyókù ra lẹ́ǹsì nìyẹn, kò sí bọ́dì tó lè ṣe iṣẹ́ tí ihò ńlá ṣe níbẹ̀ yẹn.

Ó ní ohun tó máa gbà o. Ihò tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi díẹ̀ ló máa ń mọ́ kedere nínú ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn màmá á di bàìbàì, ìyẹn ló dẹ̀ ń jẹ́ kí fọ́tò èèyàn kan dùn ún wò, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹbí tó tò sí ìlà mẹ́ta ni, àwọn tó wà lẹ́yìn á di bàìbàì, ẹ gbọ́dọ̀ padà sí f/5.6 àbí f/8. Níbẹ̀ ni fláàṣì ti máa gbà yín. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń gbé lé orí kámẹ́rà, tí orí ẹ̀ ṣeé yí, kẹ́ ẹ kọ ojú ẹ̀ sí àjà funfun kí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ rọra padà wálẹ̀ sórí àwọn èèyàn. Fláàṣì kékeré ara kámẹ́rà, iwájú orí èèyàn ló ń sọ di dídán, òjìji dúdú á dẹ̀ là lẹ́yìn wọn.

Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ lọ ọjà ẹja Olúwo láàárọ̀ bí oòrùn bá ti yọ, 18-55 yẹn tó yín ṣe gbogbo nǹkan, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ lè lo 1/1000 kẹ́ ẹ mú ẹja níbi tó ti ń ta nínú abọ́ tómi dẹ̀ ń fọ́n. Káyókáyó náà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣèrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, ìta gbangba ni, èrò pọ̀, ẹ ò ní lè súnmọ́ iwájú, lẹ́ǹsì gígùn bíi 55-250 àbí 70-300 ló máa fa àwọn àgbà yẹn wá fún yín, ihò ẹ̀ ò fẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n oòrùn wà.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni ní kámẹ́rà kì í sábà sọ fún àwa aláwọ̀ dúdú. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé èèyàn lòun ń wò, ńṣe ló ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà láàárín méjì, kó má funfun jù kó má dúdú jù. Ìyàwó wọ léèsì funfun, léèsì gba gbogbo fọ́tò, kámẹ́rà á ní "ẹ̀n ẹ́n, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù", á fà á wálẹ̀, léèsì á di eléérú, ojú ìyàwó á ṣú pátápátá. Ẹ wá bọ́tìnì tó ní àmì + àti - lára, ẹ fi kún un díẹ̀, kí ojú ìyàwó mọ́. Ẹ máa wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà ṣá, torí tẹ́ ẹ bá fi kún un jù, ọnà ara léèsì á pòórá. Tó bá jẹ́ pé aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀, òdìkejì lẹ máa ṣe. Ẹ dẹ̀ máa ya RAW, ìyẹn fọ́tò tútù tí kámẹ́rà ò tíì sè, tí kọ̀ǹpútà yín bá lè gbé e, kì í ṣe JPEG nìkan. JPEG, kámẹ́rà ti sè é tán ó ti da ohun tí ò fẹ́ nù. RAW gba àyè púpọ̀ lórí mẹ́mórì, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú òjìji abẹ́ agbòòrùn oníṣòwò kan, ẹ ṣì lè fà á jáde níbẹ̀.

Ó wá ku lẹ́ǹsì tó bá bọ́dì mu, ibẹ̀ lowó ti máa ń ṣòfò jù. Lẹ́ǹsì Canon ò lè wọ Nikon, ti Nikon ò lè wọ Canon, ìyẹn wọ́pọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé Canon DSLR fúnra ẹ̀ ní oríṣi méjì: EF tó ní àmì pupa róbótó lẹ́bàá ẹnu, àti EF-S tó ní àmì funfun onígun mẹ́rin. EF máa wọ gbogbo ẹ̀, EF-S kì í wọ full frame. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa bọ́ sí full frame lọ́jọ́ iwájú, kó máa ra EF látìbẹ̀rẹ̀. Ti Nikon, ibòmíì ni wàhálà wà: D3000 títí dé D3500, àti gbogbo ìdílé D5000, kò sí mọ́tò kékeré tó ń yí lẹ́ǹsì nínú bọ́dì wọn, lẹ́ǹsì àtijọ́ tí wọ́n kọ AF-D sí lára á wọ̀ ọ́ ṣùgbọ́n kò ní lè wá ojú fúnra ẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi yí i. Tẹ́ ẹ bá ń lo irú bọ́dì yìí, AF-S, tó ní mọ́tò tiẹ̀ nínú, ni kẹ́ ẹ bèèrè. D90 àti D7000 ní mọ́tò ní tiwọn.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé fídíò lẹ fẹ́, ẹ tẹ́tí síbí. Canon 2000D àti 4000D, Nikon D3400 àti D3500, kò síhò tẹ́ ẹ lè ki máíìkì bọ̀ lára wọn. Ẹ ti rà á tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ohùn pásítọ̀ àbí ti álífáà ò ní jáde dáadáa. Canon 600D àti 700D dàgbà jù wọ́n lọ, wọ́n dẹ̀ níhò máíìkì. Tẹ́ ẹ bá lágbára díẹ̀ sí i, ẹ wá Canon tó ní Dual Pixel, 70D ti 2013 ló kọ́kọ́ ní in, òun ló ń jẹ́ kí kámẹ́rà máa tẹ̀ lé ojú èèyàn nínú fídíò láì máa lọ sẹ́yìn sọ́wájú bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ DSLR máa ń dúró fúnra ẹ̀ tó bá ti dé 29 ìṣẹ́jú àti 59 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ ní láti tún un tẹ̀. Ìwàásù á máa lọ, ẹ̀yin náà ẹ máa wo aago.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má kánjú sanwó rárá, kódà bí ọlọ́jà bá ń sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti mẹ́mórì yín dání. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ wò ó láti iwájú, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó dà bí okùn aláǹtakùn, lẹ́ǹsì yẹn ti bu, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi ihò sí f/22, ẹ ya ojú ọ̀run tàbí ògiri funfun, ẹ wá fẹ̀ ẹ́ lójú sikiríìnì: gbogbo tóótòòtó dúdú tẹ́ ẹ bá rí, ìdọ̀tí orí sẹ́ńsọ̀ ni, ìyẹn ṣeé fọ̀, ó kàn máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè fa owó wálẹ̀ ni. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Àwọn kámẹ́rà kéékèèké, bíi 100,000 ni wọ́n fi dán wọn wò, òmíì á kọjá ẹ̀, òmíì ò ní débẹ̀. Nikon máa ń kọ iye yẹn mọ́ inú fọ́tò, ẹ ya ẹyọ kan, ẹ gbé e lọ sórí wẹ́ẹ̀bù tó ń kà á, ó jáde. Canon ò kì í sábà kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ máa nílò kọ̀ǹpútà àti wáyà. Ẹ wo ẹnu bọ́dì níbi tí lẹ́ǹsì ti ń wọlé, tó bá ti họ gan-an ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ nìyẹn, ohun yòówù kí ọlọ́jà wí. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé ṣájà wà, pé bátìrì ò wú.

Tó bá délé, ọ̀rinrin ọ̀sà ni ọ̀tá ẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí. Kámẹ́rà tó bá wà nínú báàgì tí wọ́n pa dé fún oṣù méjì láì rí afẹ́fẹ́, ó lè bu. Ike tó ní ìdérí líle, kẹ́ ẹ kó àwọn sílíkà kéékèèké yẹn sínú ẹ̀, àwọn tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ìyẹn tó, kẹ́ ẹ dẹ̀ máa pààrọ̀ wọn bí wọ́n bá ti mu omi yó. Nígbà ọyẹ́, eruku ni, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta gbangba, ẹ wọ inú mọ́tò, kẹ́ ẹ kọ ẹnu bọ́dì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ rí eruku lórí dígí inú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ kàn án, ó rọ̀ gan-an, ó máa ń ha. Eruku tó wà níbẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò, inú ihò tẹ́ ẹ̀ ń wò nìkan ló ti ń hàn. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ kó fẹ́ afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ dànù, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ torí itọ́.